Wàláà Tí A Kò Fọ̀ ní Òkè-Orúpa

Wàláà tí Sùwébátù kọ ni wọ́n fi wé láwàní fún àbúrò rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ọwọ́ òun ni, wọn kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe àbúrò rẹ̀ ní Aáfà, tí wọ́n sì ń pe òun ní ẹ̀gbọ́n Aáfà.

Ẹ̀yin ọmọ Odò-Wàláà, ibẹ̀ ni ìlú yín ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ojú ogun, kì í ṣe ìdí adé. Àwọn ìlú mìíràn a máa sọ pé ọdẹ ló tẹ àwọn dó, tàbí ọmọ ọba tí wọ́n fi oyè dù. Tiyín, obìnrin kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan dù ló tẹ̀ ẹ́ dó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan kéré sí oyè, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìtàn yìí kó tó tún ẹnu là.

Bàbá Sùwébátù ni Aáfà Jìbírílù, a-fi-gègé-jagun, ọkùnrin tí kò ní ẹṣin, tí kò ní oko kòkó tàbí oko obì, àmọ́ tí ilé rẹ̀ kún fún ọmọ ọlọ́mọ. Òun ló kọ́kọ́ mú ìwé wọ Òkè-Orúpa. Nígbà tó dé, àwọn ará ìlú kò mọ ohun tí wọn ó máa pè é. Wọ́n bi í, ó ní níbi tí òun ti kọ́ ẹ̀kọ́, Aáfà ni wọ́n ń pe irú òun. Wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn àgbà tó kọ́ òun pàápàá ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní àwọn oníṣòwò láti Málì ló gbé ọ̀rọ̀ náà rìn bí wọ́n ṣe ń gbé iyọ̀ rìn. Àwọn kan ní inú èdè Lárúbáwá ló ti jáde, pé ẹni tí òfin yé ni. Àwọn mìíràn sì ní álífù ni, lẹ́tà àkọ́kọ́, ìlà kan ṣoṣo tó nàró bí ọ̀pá, èyí tí gbogbo ọmọ kéwú fi ń bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra òun kò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ohun kan dá òun lójú.

"Ẹni tó mọ̀ nìkan kì í ṣe Aáfà," ni ó wí. "Ẹni tó mọ̀, tí ẹlòmíràn sì ti ipa tirẹ̀ mọ̀, òun ni Aáfà."

Àwọn ará ìlú gba ọ̀rọ̀, wọn kò gba ìtumọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe ẹnikẹ́ni tó bá wé láwàní ní Aáfà. Ó tún ṣe díẹ̀, ẹni tó bá mọ tírà dì di Aáfà. Nígbà tó yá, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ẹran fún níbi sàráà ni Aáfà. Ahunṣọ kan tó máa ń ṣàwàdà ní ìlú náà sọ pé, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àkùkọ òun tó ń jí gbogbo àdúgbò lásùbáà náà tó ẹni tí wọ́n ń wé láwàní fún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jìbírílù kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ méjì ni Jìbírílù bí. Sùwébátù Àwẹ̀ró ni àkọ́bí, Bádírù Àlàó sì tẹ̀lé e. Ìyá wọn kú nígbà tí Bádírù ṣì ń rá, Sùwébátù ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Bádírù wà tó ti kọ́kọ́ gbọ́ kéwú, nítorí bí ó ti ń lọ ọkà, bí ó ti ń gbálẹ̀, ni ó ń ka ohun tí bàbá wọn kọ sójú wàláà rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì dàgbà, ó hàn gbangba pé Ọlọ́run pín ẹ̀bùn fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bádírù gba ohùn. Bí ó bá ń kéwú, àwọn tó ń lọ sóko á dúró ti àáké wọn. Sùwébátù gba ọwọ́. Gègé kì í wárìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó bá sì ti kọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wà lórí rẹ̀ títí ayé. Òun náà ló ń po tàdáwà fún gbogbo ilé kéwú, láti inú èédú ìdí ìkòkò àti oje igi.

Jìbírílù ní àṣà kan. Olúkúlùkù ọmọ tó bá ti lè dá kọ̀wé gbọ́dọ̀ ní ààmì tirẹ̀ lábẹ́ ìlà ìkẹyìn, kí a lè mọ ẹni tí a ó yìn àti ẹni tí a ó bá wí. Ti Sùwébátù ni ẹ̀kán tàdáwà mẹ́ta, tó tò bí ẹyẹ mẹ́ta tó bà sórí okùn.

Nígbà tí ojú bàbá wọn di bàìbàì, Sùwébátù ló ń kọ ẹ̀kọ́ sójú wàláà ogójì ọmọ láràárọ̀, Bádírù á sì jókòó síwájú, á máa kà á fún wọn. Ó ń lọ geere bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ogójì wàláà láràárọ̀, fún ọdún mẹ́jọ. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Ohùn ni wọ́n ń gbọ́.

Lórí àìsàn tó pa Jìbírílù, ó ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún un.

"Àwẹ̀ró, bí ibì kan bá sú ọ, má bá wọn jà. Fọ wàláà rẹ, gbé e lérí, kí o máa lọ. Ibi tí o bá gbé e tì sí tí kò gbẹ, ibẹ̀ ni kí o ti kọ́ ọmọ ènìyàn."

Sùwébátù rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Ta ló ti rí wàláà tí a gbé sóòrùn tí kò gbẹ rí?

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe fìdáù ogójì ọjọ́, Baálẹ̀ àti Pàràkòyí Ṣítù, tó jẹ́ àgbà mọ́sálásí, kéde pé ẹni tó bá lè kọ súrà Tábárà sí ojú méjèèjì wàláà láìwo ìwé ni yóò jogún láwàní Jìbírílù, òun ni wọn ó sì máa pè ní Aáfà. Ẹni, ni wọ́n wí. Sùwébátù di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n dá fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó sì parí nígbà tí oòrùn mú. Ó kán ẹ̀kán mẹ́ta sí ìsàlẹ̀, ó gbé wàláà náà ti ògiri kí ó gbẹ, ó lọ pọn omi àlùwàlá. Nígbà tó padà dé, ògiri nìkan ló bá.

Ó sáré dé iwájú mọ́sálásí. Bádírù wà láàrin agbo, wàláà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi han Baálẹ̀, ẹni tó gbé e sódì tó ń mi orí bíi pé ó ń kà á. Pàràkòyí Ṣítù ń sọ pé ọwọ́ Jìbírílù kò kú, pé bí bàbá ti í kọ álífù rẹ̀ nàró nìyí gẹ́lẹ́. Láwàní ti wà lórí Bádírù.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ọwọ́ mi lẹ ń wò yẹn," ni Sùwébátù wí. "Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí ẹ̀kán mẹ́ta níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí ìsàlẹ̀ wàláà. Àtàńpàkò Bádírù ni wọ́n rí. Ó fi di ibẹ̀ mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí wàláà jábọ́. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. Àtàńpàkò náà kò kúrò níbẹ̀.

"Sùwébátù," ni Pàràkòyí Ṣítù wí, "níbo lo ti gbọ́ ọ pé àgbébọ̀ jí ìlú lásùbáà?"

Agbo rẹ́rìn-ín, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú wọn kò ní èrò ibi kankan nínú. Ẹ̀rín irú èyí ló burú jù.

Sùwébátù kò sunkún. Ó ní kí wọ́n fún àwọn méjèèjì ní wàláà òfìfo, kí wọ́n jókòó ti àwọn, kí àwọn tún un kọ lójú gbogbo ayé. Pàràkòyí dá a lóhùn pé láwàní tí a bá ti wé, a kì í tú u lójú agbo. Wọ́n gbé wàláà náà lọ sínú mọ́sálásí, wọ́n fi í kọ́ sára ògiri ìhà kíbúlà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Wọn kò fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wàláà tí a kò fọ̀ kò lè gba ẹ̀kọ́ tuntun, ṣùgbọ́n Òkè-Orúpa kò rántí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Owú wá wọ Sùwébátù. N kò ní fi í pamọ́ fún yín nítorí pé ìyá ńlá yín ni. Owú a máa jẹni bí ìkán ṣe ń jẹ òpó: òde á máa dán, inú á ti di eruku. Bí ẹni tó ń kọjá bá kí àbúrò rẹ̀ pé, "Aáfà, ẹ kú iṣẹ́," yóò dà bíi pé wọ́n yọ nǹkan lẹ́nu òun. Bí wọ́n bá ní, "Aáfà ti sọ̀rọ̀," yóò rántí pé òun ló kọ́ Aáfà náà ní bí a ṣe ń nu imú. Ó di pé kò lè gbọ́ ohùn Bádírù nínú kéwú mọ́ kí àyà rẹ̀ má gbóná, ohùn tó jẹ́ pé òun ló pọ̀n tí ó fi là. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Sùwébátù gbẹ. Síbẹ̀, láràárọ̀, ogójì wàláà ń dúró dè é, nítorí pé láwàní tí wọ́n wé fún Bádírù kò kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìwé kíkọ.

Lọ́jọ́ kan, ó po tàdáwà láìfi oje sí i.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà kò ní mọ ìwà tó hù. Oje ló ń di èédú mọ́ ojú igi. Bí kò bá sí oje, ìwé á dúdú dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ àti òógùn ọwọ́ á ti nù ún kúrò. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ẹ̀kọ́ Aáfà pa rẹ́ lójú àwọn òbí, kí wọ́n bi í léèrè, kí ó má rí nǹkan sọ. Kò ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owú kì í jẹ́ kéèyàn ronú dé ìkángun.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ gbé wàláà òfìfo wá. Nínú ilé kéwú, ọmọ tó bá fọ wàláà rẹ̀ kó tó ka ẹ̀kọ́ náà padà fún olùkọ́ ti dẹ́ṣẹ̀ ńlá, bí ẹni tó jẹ irúgbìn ni. Bádírù kò bèèrè tàdáwà. Ó bèèrè pàṣán. Ó nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nímọ́tà, ọmọ Sáfúrátù ahunṣọ, ẹni tó ti ń fi tàdáwà kan náà dá kọ wàláà tirẹ̀. Nímọ́tà ní òun kò fọ wàláà òun, pé ó pa rẹ́ fúnra rẹ̀ ni, pé òun gan-an ni òun kọ ọ́. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ó tún sọ ọ́, wọ́n tún nà án. Ó wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní:

"Ọwọ́ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ lójú yín."

Sùwébátù wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò tàdáwà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu ọmọ náà, òun ló sì fi í sí i lẹ́nu. Ó wọlé, ó sọ lójú gbogbo wọn pé òun kò fi oje sí tàdáwà, pé òun ni kí wọ́n nà. Kò sẹ́ni tó nà án. Bádírù ju pàṣán sílẹ̀, kò sì lè wò ó lójú. Ìgbà náà ni ibẹ̀ sú u. Kì í ṣe Bádírù ló sú u jù, bí kò ṣe irú ènìyàn tí òun fúnra rẹ̀ ń dà ní Òkè-Orúpa.

Ó rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó fọ wàláà kan tó kù fún un, ó gbé e lérí, ó sì jáde.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà. Níbi àkọ́kọ́ tó sọ wàláà náà kalẹ̀, ó tún fi omi ṣàn án, ó gbé e ti igi òrí kan, ó ti gbẹ kó tó jókòó. Oko tó wà níbẹ̀ ni a ń pè ní Gbẹkíá títí di òní. Níbi kejì, àwọn ọdẹ ní kó dúró, wọ́n ní ẹran pọ̀ níbẹ̀. Wàláà gbẹ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ń lọ. Níbi kẹta, etí odò ni, ó rò pé kò tún ní sí ibòmíràn mọ́. Wàláà gbẹ létí omi. Ó jókòó síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó ní bóyá ibà náà ni lóòótọ́, bóyá bàbá òun kò sọ ohunkóhun.

Ní ọjọ́ kẹfà ó dé kòtò kan tí àràbà ńlá kan dúró sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà. Ó gbé wàláà ti òkúta kan nídìí àràbà, ó kírun àlàásárì. Nígbà tó sálámà tán tó bojú wẹ̀yìn, wàláà ṣì tutù. Ó fi ìborùn nù ún, ó dúró. Ó tún tutù. Ó gbé e kúrò, ó fi ọwọ́ kan òkúta, òkúta ń làágùn. Ó wá ìkòkò fífọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọdẹ tó ń kọjá lọ bá a nínú ihò tó mù ún dé orúnkún, wọ́n bi í pé kí ló ń rì mọ́lẹ̀. Ó ní òun kò rì nǹkan kan, òun ń hú omi. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo ilẹ̀ gbígbẹ náà, wọ́n ní kí Ọlọ́run wo obìnrin yìí sàn. Kí wọ́n tó dé òkè, wọ́n gbọ́ tó ń pariwo ọpẹ́. Wọ́n padà wá mu nínú rẹ̀, méjì nínú wọn kò sì lọ mọ́.

Omi yẹn ni odò yín. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ìlú ní Odò-Wàláà, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé igbá omi àkọ́kọ́ lójoojúmọ́, wàláà la fi ń fọ̀ kí a tó bu sí ìkòkò.

Ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Sáfúrátù ahunṣọ gbé òfì rẹ̀ wá láti Òkè-Orúpa, ó fa Nímọ́tà lọ́wọ́, ó ní ọmọ náà kọ̀ láti kéwú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Sùwébátù kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn kó tó kọ nǹkan kan sójú wàláà rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ olówó àti ọmọ ẹrú, gbogbo wọn ní ìlà jíjókòó kan náà. Nígbà tí wọ́n pọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa pe olùkọ́ àwọn ní Aáfà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀ bí oyin. Ṣùgbọ́n ó ní rárá, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí ẹnì kan ní Òkè-Orúpa, pé wọ́n ti jí i gbé lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní jí i padà. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Oníwàláà. Ó ń jẹ́ ìpè wọn. Ó kọ́ wọn fún ọdún méje, kò sì sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò rántí wàláà tó wà lára ògiri nílé, àti ẹ̀kán mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Ní ọdún keje, òjò rọ̀ gan-an. Ní Òkè-Orúpa, koríko òrùlé mọ́sálásí jò, omi ń kán sára wàláà ẹ̀rí, ó sì fọ ìlà mẹ́ta lọ láàrin rẹ̀. Wọ́n ní kí Aáfà tún un kọ. Aáfà ní tàdáwà ilé kò dára. Wọ́n po òmíràn. Ó ní gègé ti kújú. Wọ́n gbẹ́ òmíràn. Ó ní ó di ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ọmọ kéwú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe orin. Nígbẹ̀yìn, Bádírù fi aṣọ wé wàláà náà, ó ní òun ń lọ wo ẹ̀gbọ́n òun. Pàràkòyí Ṣítù kò jẹ́ kí ẹ̀rí ìlú jáde láìsí òun, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n dé Odò-Wàláà, Bádírù kọ́kọ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá, àwọn méjì péré. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, irun àgbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun kí àkókò rẹ̀ tó tó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà mẹ́ta péré ni," ni ó wí.

"Ọwọ́ ta ni wọn ó ní ó jẹ́?"

Bádírù tún fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Àlàó, mo bi ọ́."

"Àwẹ̀ró, ojú máa tì mí kú."

Sùwébátù wò ó. Inú rẹ̀ dùn pé ojú ń tì í. Ó dùn gan-an, bí omi tútù. Lẹ́yìn náà ni ó rí orí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, orí tó ti sùn sí i lẹ́yìn rí nígbà tó ń lọ ọkà. Ó ní ohun tí a bá ṣe lójú agbo, ojú agbo ni a ti í tún un ṣe. Ó jáde, ó ní kí wọ́n lu agogo ilé kéwú.

Gbogbo ìlú péjọ sábẹ́ àràbà lẹ́yìn ìrun àìlà. Pàràkòyí Ṣítù jókòó lórí ẹní àlejò. Sùwébátù ní kí Bádírù dìde, kí ó gbé wàláà náà dání bó ṣe gbé e dání lọ́jọ́ tí wọ́n wé láwàní fún un. Ó gbé e. Àtàńpàkò rẹ̀ lọ síbi tó ti mọ̀.

"Ó tó," ni Sùwébátù wí. "Gbé àtàńpàkò rẹ kúrò."

Ó gbé e kúrò. Ẹ̀kán mẹ́ta wà níbẹ̀, ó dúdú kirikiri, òjò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bádírù sì la ẹnu, ohùn dídùn yẹn sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ló kọ wàláà náà, pé òun gbé e nídìí ògiri, pé òun kò lè kọ ìlà kan nínú rẹ̀ láìwo ìwé títí di òní.

Pàràkòyí Ṣítù dìde pẹ̀lú ọ̀pá. Àgbàlagbà ni, a kò sì gbọdọ̀ puró mọ́ ọn: ojú tì í, kò sì sá fún un. Ó tú láwàní kúrò lórí Bádírù, ó gbé e wá síwájú Sùwébátù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní àwọn ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kó gbà á, kó padà wá sílé, kí àwọn máa pè é ní Aáfà láti òní lọ.

Ọwọ́ Sùwébátù ti gbéra kó tó mọ̀. Ọdún méje ló ti ń jowú aṣọ yẹn. Ó mọ òórùn rẹ̀, òórùn bàbá rẹ̀ àti ti ewé olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń pa á mọ́ sínú àpótí. Ohun gbogbo nínú rẹ̀ ń sọ pé, gbà á. Ó dá ọwọ́ náà dúró sáàrin.

"Bàbá Pàràkòyí, ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì rí mi kọ̀wé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ gba wàláà gbọ́, ẹ kò wo ọwọ́. Lónìí, ẹ gba ẹnu Bádírù gbọ́, ẹ kò wo ọwọ́ náà. Bí mo bá gbà á báyìí, ọmọ ọlọ́mọ kan tún máa kọ tirẹ̀ lọ́la, ẹlòmíràn á sì gbé e."

Ó gba wàláà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e lọ sídìí odò. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó fẹ́ ṣe, Pàràkòyí na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ dá a dúró, nítorí ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Kò dúró. Ó da omi lé e, ó fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Tábárà ọdún méje ṣàn sínú igbá, ó dúdú. Ẹ̀kán mẹ́ta ló lọ kẹ́yìn. Ó mu ìdajì omi náà, bí a ti í mu omi tí a fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó gbé ìyókù fún Bádírù. Bádírù mu ún.

Sùwébátù wá jókòó sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó mú gègé, ó sì bẹ̀rẹ̀ Tábárà láti Bísímílà. Nígbà tó kọ ìlà mẹ́ta, ó dúró, ó gbé wàláà fún Nímọ́tà, tó ti di wúńdíá. Nímọ́tà kọ mẹ́ta, ó gbé e fún ọmọ ọdẹ tó jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀ ni wàláà náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi kún, ààmì oríṣiríṣi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pàràkòyí Ṣítù bi wọ́n pé ta wá ni Aáfà nínú ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ yìí. Nímọ́tà nìkan ló dáhùn. Ó kọjú sí olùkọ́ rẹ̀, ó ní:

"Aáfà, wàláà ti kún."

Sùwébátù jẹ́ ìpè náà. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà ni kò fi sí baálẹ̀ tàbí àgbà mọ́sálásí tó lè sọ ènìyàn di Aáfà ní Odò-Wàláà títí di òní. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni orúkọ náà ti ń jáde, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ti kọ̀wé sójú wàláà tutù níṣojú gbogbo ìlú. Kò sí wàláà tó ń sùn láìfọ̀ mọ́jú ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì fẹ́ wé láwàní fún, bó ti wù kó mọ̀wé tó, yóò kọ́kọ́ lọ jókòó sí ìparí ìlà àwọn ọmọ kéèkèèké, níbi tí a ń pè ní Ìdí Bádírù, yóò sì kọ álífù kan níbẹ̀.

Ẹ bèèrè ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agbo tú ká lọ́jọ́ náà, Bádírù ṣì dúró lábẹ́ àràbà, orí rẹ̀ ṣófo, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Owú Sùwébátù kò tíì kú. Ó ṣì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ egungun. Ó wo àbúrò rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló fọ wàláà kékeré kan, ó fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ sí ìparí ìlà àwọn ọmọ, ó ní kó wá jókòó. Ó fi gègé sí i lọ́wọ́, ó di ọwọ́ náà mú, àwọn méjèèjì sì jọ fa ìlà kan ṣoṣo, tó nàró.